Àpò Atẹ́gùn Tí Mo Rán

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni apá bàálù fi wà nínú pálọ̀ mi. Mi ò sọ àwòrán o, apá gan-an ni mò ń wí. Ó gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Àlejò tó bá fẹ́ jókòó, àfi kó kọ́kọ́ tẹrí ba. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ti mọ bí mo ṣe ń gbé abọ́ oúnjẹ kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìwòkè.

Ọkọ mi ló kàn án. Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àga ni, bẹ́ẹ̀dì ni, ilẹ̀kùn ni, kò sí èyí tí kò lè kàn. Àmọ́ láti kékeré ló ti ń wojú ọ̀run. Ló bá lọ ra ìwé àwòrán bàálù kékeré kan, irú èyí tí èèyàn lè fi pákó, irin àti aṣọ kàn fúnra rẹ̀ nílé. Ìjókòó méjì, ẹ́ńjìnnì kan, táyà mẹ́ta. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣọ tó bo apá yẹn, èmi ni mo rán an. Aránṣọ ni mí, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé aṣọ tí mo bá rán kì í tú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń gba etí aṣọ, màá sì fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó bá wa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò gba ọ̀rọ̀ bàálù yìí rárá. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ sẹ́yìn, á wo apá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Káfíńtà," á ní, "ta ló fẹ́ gùn ún?"

"Èmi ni, Bọ̀dá."

"Mo gbọ́. Lẹ́yìn ìwọ ńkọ́?"

Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á sì máa fá pákó rẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ ẹ̀gbọ́n yìí ní Bọ̀dá Ta-ló-fẹ́-gùn-ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, ẹ má lọ dá ìjà sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n kó bàálù lọ sí pápá koríko kan lẹ́yìn ìlú. Káfíńtà àti àwọn mẹ́ta mìíràn tó ń kan bàálù bíi tirẹ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó. Òpó gíga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so àpò atẹ́gùn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì rí i rí, àpò aṣọ gígùn ni, ó la lójú méjèèjì bí ọwọ́ ẹ̀wù. Tí atẹ́gùn bá wọ inú rẹ̀, á wú, á sì nà gbọọrọ síbi tí atẹ́gùn ń lọ. Òun ni awakọ̀ bàálù máa ń wò láti òkè, kó lè mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí kó tó balẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi bá mi nídìí ẹ̀rọ.

"Ìyá wọn, àpò atẹ́gùn wa ti ya jálajàla. Ṣé o ò ní bá wa rán òmíràn?"

"Àpò lásán? Ẹ̀yin tí mo rán apá bàálù fún!"

Mo rán àpò yẹn bí ẹni ń rán aṣọ ìgbéyàwó. Mo mú aṣọ tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń rán báàgì ìrìnàjò, pupa fòò. Mo fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀. Mo gba etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n fà á gòkè òpó, ó rọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, kò jà pàpàpà bíi ti àkọ́kọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. "Èyí á pẹ́ jù wá lọ láyé!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi í han gbogbo oníbàárà mi.

Ọkùnrin tó kọ́ ọkọ mi ní wíwa bàálù ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàálù ilé-ẹ̀kọ́ lo fi kọ́ṣẹ́. Tìrẹ fúyẹ́ jù ú lọ, ìṣe rẹ̀ á yàtọ̀. Má gbé ẹnikẹ́ni títí wàá fi fò ó fún ogójì wákàtí. Má sì tíì pe èèyàn wá wòran."

Káfíńtà gba ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Èkejì ni kò gbà. Ẹ má bínú sí i, ẹni tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fò lójú olùkọ́ rẹ̀, ní àárọ̀ kùtù tí ewé kan kì í mì, ó sì balẹ̀ wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ló bá ranṣẹ́ pè wá pé ká wá wò ó ní ọ̀sán Sátidé: èmi, ọmọ wa obìnrin, àti Bọ̀dá.

Ọmọ wa ti gun ara bàálù, ó ti di ìjókòó kejì mú kó tó kí bàbá rẹ̀ tán.

"Dádì, ẹ jẹ́ n wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré!"

"Ó di ogójì wákàtí."

"Ta ló ń kà á?"

"Èmi ni. Bọ́ sílẹ̀ jàre."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń yọ ṣùtì. Ọlọ́run mi o, mo ń rántí ṣùtì yẹn títí dòní.

Ọkọ mi gbéra láìsí wàhálà. Mo ń kígbe bí ọmọdé. Bàálù kékeré náà yí po lókè, oòrùn ń ràn lára aṣọ tí mo rán, mo ní kí Bọ̀dá wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó ti rìn lọ dúró sẹ́bàá pápá, ó káwọ́ sẹ́yìn. Láàárín ìgbà yẹn ni atẹ́gùn dìde. Mi ò kà á sí. Mo kàn fọwọ́ di ìborí mi mú kó má bàa ṣí lọ.

Ọkọ mi wo àpò mi láti òkè. Ó rí i tó rọ̀ wálẹ̀. Ó gbà pé atẹ́gùn ò fẹ́, ó sì ń bọ̀ láti apá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa bàálù gan-an rí i pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó kọjá níwájú wa fìrì, táyà rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀. Ó kọjá ìdajì pápá. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀, ó ta sókè, ó tún kanlẹ̀, ó ń tẹ bíréèkì lórí koríko tó ń yọ̀. Pápá tán. Kòtò ojú àgbàrá ló wà níparí rẹ̀. Mo rí ìrù bàálù tó dìde sókè, mo sì rí i tó dojú dé.

Mi ò mọ ohun tí mo pariwo. Mo kàn mọ̀ pé Bọ̀dá, arúgbó tó máa ń ní orúnkún ń dun òun, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Bẹ́líìtì ló gbé ọkọ mi dúró, ó ń rọ̀ dirodiro nínú rẹ̀. Eegun èjìká rẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ òsì kán, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Mo wá wo ìjókòó kejì. Òpó ọgbà kan tó wà nínú kòtò náà ti gún un ní àgúnyọ, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọmọ mi rí i. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ọsibítù.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," lohun tí ọkọ mi ń sọ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Káfíńtà ni mí, mi ò bá jókòó sídìí àga mi."

Bọ̀dá jókòó sí igun yàrá. Kò sọ pé ṣé òun ò wí.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá bàálù. Èmi àti Bọ̀dá la bá a lọ sí pápá. Ọmọdébìnrin ló jẹ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti wọ inú kòtò, ó ti wo táyà, ó ti fẹsẹ̀ wọn pápá, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ kú ewu, mà," ló kọ́kọ́ sọ. "Mi ò wá láti mú ẹnikẹ́ni o. Mo wá kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́ ni. Báwo ni atẹ́gùn ṣe rí lọ́jọ́ náà?"

"Kò sí atẹ́gùn rárá, ọ̀gá mi," ni mo dáhùn. Mo nàka sí òpó. "Ẹ wò ó. Bí àpò yẹn ṣe wà gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ó wo àpò. Ó wá wo ọwọ́ mi.

"Mà, kí ló dé tí ẹ fi di ìborí yín mú?"

Lóòótọ́ ni, ọwọ́ mi ti wà lórí. Mo wo koríko, ó ń tẹ̀ lọ sápá kan. Fọ́nrán òwú kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù mi, bó ṣe máa ń wà lára aránṣọ nígbà gbogbo. Mo já a, mo na ọwọ́ sókè, mo jù ú sílẹ̀. Ó fò lọ tààrà sápá kòtò, a ò rí i mọ́. Àpò pupa mi wà lókè níbẹ̀, ó rọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí aṣọ tí wọ́n kọ́ sára ògiri.

"Ta ló rán an?" ni obìnrin náà bi mí. Ohùn rẹ̀ ò le.

"Èmi ni."

Mo bú sẹ́kún. Èmi tí mo ń fi fọ́tò rẹ̀ ṣe fáàrí káàkiri!

Ó gbá mi mọ́ra, ẹrẹ̀ rẹ̀ kan aṣọ mi, mi ò sì bìkítà. Ó ní, "Ẹ gbọ́, mà. Ẹ rán an bí ẹni rere ṣe ń rán aṣọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé àpò atẹ́gùn gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ni. Aṣọ tó wúwo ò ní gbéra àfi tí ìjì bá ń jà."

Bọ̀dá sún mọ́ wa. "Ẹ bá mi là á yé mi. Atẹ́gùn ọjọ́ náà tó ti ẹ̀yìn wá bíi tòní, ṣé ìyẹn ló tó dojú bàálù dé?"

"Bàbá, tí ẹ bá ń sáré, tí ẹ fẹ́ dúró, tí ẹnì kan sì ń tì yín lẹ́yìn, ṣé ẹ máa tètè dúró?"

"Kò ṣeé ṣe."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bàálù máa ń kọjú sí atẹ́gùn láti balẹ̀, kí atẹ́gùn lè dín eré rẹ̀ kù. Tó bá kẹ̀yìn sí i, á jẹ pápá tán kó tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé àpò nìkan ló fà á. Nígbà tí àbúrò yín dé ìdajì pápá, ó yẹ kó ti rí i pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Ó lè fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kó tún padà sókè. Ìdí tí kò fi padà ni mo fẹ́ mọ̀."

A jọ lọ bá a ní ọsibítù. Obìnrin náà bi í léèrè bó ṣe bi wá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọkọ mi ò wo ẹnikẹ́ni lójú. "Mo rí i," ló wí. "Ilẹ̀ ń sáré jù lábẹ́ mi. Ọwọ́ mi ti wà lórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì láti tún gbéra."

"Kí ló wá dá yín dúró, sà?"

"Mo rí Bọ̀dá lẹ́bàá pápá. Mo ní tí mo bá padà sókè báyìí, á ní mi ò mọ̀ ọ́n balẹ̀."

Bọ̀dá bọ́ fìlà rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà níbi ìsìnkú ìyá wọn.

"Àbúrò mi," ló wí, "ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀rù fi bà mí pé nǹkan yìí á gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́, ni mo bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Dákun, má bínú."

"Èmi náà nìyí," ni mo já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Àpò tí mo rán ló ṣì yín lọ́nà. Ó wúwo jù."

Ọkọ mi wò mí. "Ṣebí o rán an dáadáa?"

"Mo rán an dáadáa jù ni!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ sì dùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín ó ń ké yéè. Ni gbogbo wa bá ń rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún, nọ́ọ̀sì wá lé wa jáde.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi tún bàálù yẹn kàn. Èmi pẹ̀lú tún jókòó ti ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ agboòrùn ni mo lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú rírán kan ṣoṣo, láìtẹ́ nǹkan kan sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mi ò lè fi han oníbàárà kankan. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fẹnu fẹ́ ẹ, á dìde. Tó bá gbó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, màá rán òmíràn. Bọ̀dá kun àgbá kan ní funfun, ó gbé e sí ìdajì pápá. Àdéhùn rẹ̀ ni pé tí táyà ò bá tíì kanlẹ̀ níbi àgbá, bàálù gbọ́dọ̀ padà sókè, ẹnikẹ́ni ì báà wà níbẹ̀.

Olùkọ́ ọkọ mi jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ní àárọ̀, ní ọ̀sán, nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ àti nígbà tí kò fẹ́. Nígbà tí olùkọ́ gbà, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká wá. A ò dúró lẹ́bàá pápá mọ́, ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń gbé bàálù sí la wà.

Ọkọ mi yí po lórí pápá lẹ́ẹ̀kan kó lè wo àpò dáadáa. Ó kọjú sí atẹ́gùn, ó ń bọ̀. Ó ga díẹ̀ jù. Ó dé ibi àgbá funfun, táyà ò tíì kanlẹ̀.

Mo di ọmọ mi mú. Mo rántí òpó ọgbà yẹn.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, bàálù sì gbé orí sókè, ó lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ni Bọ̀dá. Ó ju fìlà rẹ̀ sókè, ó ń fò bí ọmọ iléèwé. "Ó káre! Àbúrò mi, ó káre! Padà sókè!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, atẹ́gùn gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún padà sókè. A tún pàtẹ́wọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, táyà rẹ̀ kanlẹ̀ kó tó dé ibi àgbá, jẹ́jẹ́ báyìí, ó sì rọra yí lọ dúró.

Ó jáde, omi wà lójú rẹ̀. "Mo ń rí ọwọ́ yín láti òkè," ló wí.

Bọ̀dá dúró níwájú bàálù, ó káwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. "Káfíńtà, ta ló fẹ́ gùn ún lẹ́yìn ìwọ?"

Ọkọ mi kọjú sí i.

"Èmi ni," ni Bọ̀dá wí.

"Kò tíì yá, Bọ̀dá. Ó ku wákàtí méjìdínlógún kó pé ogójì."

"Màá dúró. Ṣebí mo ti dúró fún ọdún mẹ́jọ."

Obìnrin ọ́fíìsì yẹn ló ní kí n sọ ìtàn yìí fún yín, torí àwọn tó ń kan bàálù nílé ń pọ̀ sí i, ìgbà tí wọ́n bá ń balẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń kó sí wàhálà. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ yìí, irú bàbá yìí, irú àbúrò yìí, ẹ gbọ́ mi. Àpò atẹ́gùn yín kó fúyẹ́, ẹ má sì gba òun nìkan gbọ́: ẹ wo koríko, ẹ wo èéfín, ẹ wo aṣọ tó wà lórí okùn, kí ẹ yí po lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó wá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ irú bàálù yín jókòó tì yín kí ẹ tó dá a wà, torí ti ilé-ẹ̀kọ́ ò jọ tiyín. Ẹ fi àmì sí ìdajì pápá. Ẹ má gbé ọmọ ẹnikẹ́ni kí wákàtí tó pé, bó ti wù kó máa yọ ṣùtì tó.

Ẹ̀yin òǹwòran ńkọ́? Iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní. Bí ẹ bá rí bàálù tó fẹ́ balẹ̀ tó tún padà sókè, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má béèrè ohun tó dé. Ẹ pàtẹ́wọ́.

Ìwọ tó wà lókè, tí ọwọ́ rẹ wà lórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, tí ilẹ̀ ń sáré jù lábẹ́ rẹ: padà sókè. Àwa tó fẹ́ràn rẹ kò kánjú. A ó dúró dè ọ́.